Tọ́ọ̀ṣì orí ọdẹ tí mo rà ní Àkúrẹ́: gíráàmù 28 tó tú àṣírí bátìrì

Wákàtí 8 ni wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí. Ìṣẹ́jú 52 ló fi tàn kó tó ṣú dùù, lórí iná ńlá, bẹ́ẹ̀ bátìrì ti kún kí n tó gbé e sórí. Kò tilẹ̀ ṣe bí iná tó ń rẹ̀, tí yóò máa pọ́n díẹ̀díẹ̀ kí ọdẹ lè mọ̀ pé ó tó àkókò láti kọjú sọ́nà ilé. Ó kàn pa lójijì bí ẹni fẹ́ àtùpà. Ẹni tó bá ti dẹ òru rí nínú oko kòkó lọ́nà Ìdànrè, níbi tí ewé kòkó kì í jẹ́ kí òṣùpá kanlẹ̀, mọ ohun tí mò ń wí. Ohun tó gbé mi dé ìdí kíkọ nìyẹn, àti ohun tó tẹ̀lé e ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á nítòsí Ọjà Ọba. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ ti mọ irú tọ́ọ̀ṣì yìí: orí tí à ń fà síwájú sẹ́yìn, rọ́bà tó di orí mú, àpótí bátìrì ní ìpàkọ́, iná pupa kékeré lára àpótí náà. ₦14,500. Bátìrì méjì tó rí gbọọrọ bí ìka, èyí tí wọ́n ń pè ní 18650, ló ń lò: mìlímítà 18 ní ìbú, 65 ní gígùn. Wọ́n kọ 9900 mAh sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà sínú. Ibẹ̀ gan-an ló ti yẹ kí ojú mi là. Ojúlówó 18650 kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 3500 lọ, ohun tí ara rẹ̀ lè gbà náà nìyẹn. Ẹni tó bá kọ 9900 sí i, àpò ìrẹsì ló kọ sára kóńgò.

Nígbà tí mo gbé e padà, ọmọkùnrin tó ń tajà ni mo kọ́kọ́ bá. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ṣájì ẹ̀ dáadáa?”

Mo ní mo ṣájì ẹ̀. Ó gbà á, ó tàn án, ó pa á, ó tún tàn án. “Ó mà ń ṣiṣẹ́.” Mo ní mi ò sọ pé kò tàn, ohun tí mo sọ ni pé kì í pẹ́. “Ṣé ẹ ṣájì ẹ̀ mọ́jú ṣá?” Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi mí ní ọ̀rọ̀ ṣájì yìí, bí ìgbà tí wọ́n ń bi ọmọdé bóyá ó ti fọ ẹnu. Ìgbà tó rí i pé mi ò lọ, ó ní àwọn kì í gba ọjà padà tí wọ́n bá ti tú u nínú páálí. Mo ní báwo ni wọ́n ṣe ń dán tọ́ọ̀ṣì wò nínú páálí? Ó gbójú sókè, ó ń wo àjà.

Ẹ̀rí ọwọ́ mi rèé, ẹnikẹ́ni sì lè ṣe é nílé. Ṣájà inú tọ́ọ̀ṣì yìí ń fi nǹkan bí 1A sínú bátìrì, ìyẹn 1000 mAh ní wákàtí kan. Bátìrì méjì tó bá jẹ́ 9900 lóòótọ́ kò lè gbà kéré sí wákàtí 19 kí wọ́n tó kún. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni iná pupa ṣájà fi di búlúù. Ìyẹn ni pé ohun tó wọ inú àwọn méjèèjì pọ̀ kò ju nǹkan bí 1300 lọ. Mo wá fi mítà tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò wọn ohun tí iná ńlá ń fà. Bí ẹ ó ṣe ṣe é ni pé kí ẹ yọ bátìrì kan, kí ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ẹ gé páálí bisikíìtì pẹlẹbẹ, ẹ tì í bọ àárín ìdí bátìrì àti sípíríǹgì. Ẹ gbé mítà sórí 10A, kí wáyà pupa rẹ̀ sì wà nínú ihò 10A. Ẹ fi ẹnu wáyà kan kan ìdí bátìrì, ìkejì kan sípíríǹgì, kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ má ṣèèṣì fi ẹnu méjèèjì kan orí àti ìdí bátìrì o, iná ni yóò sán, ó sì lè jó mítà. Tèmi fà 1.5A, ìyẹn 1500 mAh ní wákàtí kan. Ẹ wá pín 1300 náà fún 1500, kí ẹ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú 52 géérégé ni. Ìṣírò ò parọ́ mọ́ igbó.

Màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù gbọ́ ohùn wa, wọ́n jáde. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká wọn bátìrì náà, torí ojúlówó 18650 máa ń tó gíráàmù 44 sí 48. Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì tí wọ́n ti ń ta èlò kéèkì, wọ́n yá ìwọ̀n kékeré bọ̀. Ìyẹ̀fun ṣì wà létí rẹ̀. Wọ́n fi etí ìborùn nù ún kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀. Bátìrì àkọ́kọ́: 28. Ìkejì: 29. Ọmọkùnrin náà bá já páálí tuntun lórí àtẹ, bóyá ó rò pé tèmi nìkan ló bàjẹ́: 28, 28. Mo yọ èyí tí mo mú bọ̀ látinú bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ kan, mo gbé e lé e: 46.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Màmá tẹ ìwọ̀n náà padà sí òdo, wọ́n tún fi ọwọ́ ara wọn wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. “Bó ṣe ti Èkó dé náà la ṣe ń tà á,” wọ́n ní.

Mo gbà pé òótọ́ ni. Wọ́n dá ₦3,000 padà fún mi lórí bátìrì méjèèjì, wọ́n ní orí tọ́ọ̀ṣì kò ṣẹ̀, kí n máa mú un lọ. Ohun tó ń dùn mí di ìsinsìnyí ni pé ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe dá àwọn bátìrì onígíráàmù 28 yẹn padà sínú páálí, wọ́n sì tò ó sórí àtẹ. Kò sí “ẹ má bínú”, kò sí “a ó bá wọn sọ̀rọ̀ l'Ékòó”.

Mo ti ń bọ́ sí títì nígbà tí ọmọkùnrin náà sáré tẹ̀lé mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n fi nǹkan kan hàn yín.”

Ohun tó fi hàn mí, kò sí nínú ìwé tó wà nínú páálí. Gbogbo wa la mọ wàhálà swíìṣì àwọn tọ́ọ̀ṣì yìí: ẹ tẹ̀ ẹ́, iná ńlá, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, iná kékeré, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú pàràpàrà bíi ti ilé ijó kó tó gbà láti pa. Ẹran tí ẹ ti ń ṣọ́ láti ìrọ̀lẹ́, ó ti lọ nìyẹn. Ọmọ náà ní tí iná bá ti wà lójú kan ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ, ìtẹ̀ tó bá kàn á pa á tààrà ni, kò ní ṣẹ́jú. Mo dán an wò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Òótọ́ ni. Ó tún wo ibi tí wáyà ti wọ àpótí bátìrì, ó ní ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ já nítorí pé ibẹ̀ ló ń tẹ̀ tí à ń tọ́ ọ sókè sódò. Ó gé rọ́bà túùbù ọ̀kadà tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi wé e pinpin, ó sì dẹ wáyà náà díẹ̀ kó má fà nígbà tí a bá fa orí síwájú. Kò gba kọ́bọ̀. Ọmọ tó ń bi mí ní ọ̀rọ̀ ṣájì lẹ́ẹ̀mẹta!

Orí tọ́ọ̀ṣì yìí fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Ó dára gan-an, kí n má purọ́. Irin ni ara rẹ̀, kì í ṣe ike, nítorí náà ooru gílóòbù ń ráyè jáde, kì í ràn mọ́ iwájú orí. Tí a bá fà á síwájú, ìmọ́lẹ̀ yóò kóra jọ di igun mẹ́rin, tó fi jẹ́ pé ẹ ó máa rí àwòrán gílóòbù gan-an lára igi. Ìyẹn ni ti ọ̀ọ́kán. Tí a bá tì í padà, yóò tẹ́ sílẹ̀ fún ẹsẹ̀, torí ejò.

Ìdí tí tọ́ọ̀ṣì orí fi ju ti ọwọ́ lọ fún ọdẹ ni pé awọ kan wà nínú ẹyinjú ẹtu àti ìgalà, ní apá ẹ̀yìn, tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ibi tó ti wá, bíi dígí. Bí iná kò bá sí nítòsí ojú ọdẹ, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà bọ̀ kò ní bá a. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ní awọ yẹn, màlúù ní in, ajá pẹ̀lú. Ẹlẹ́dẹ̀ kò ní in, èèyàn kò sì ní in, nítorí náà ojú tó tàn kò tó ìdí láti yìnbọn, òkùnkùn kò sì túmọ̀ sí pé kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Iná pupa ìpàkọ́ ló ń ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín: ẹnìkejì tó wà lẹ́yìn yóò mọ ibi tí ẹ wà. Tí ìkùukùu bá wà lẹ́yìn òjò, tàbí nígbà ọyẹ́, ẹ bọ́ tọ́ọ̀ṣì lórí, ẹ mú un sí ìbàdí. Bí ó bá wà lórí, funfun nìkan lẹ ó máa rí.

Bátìrì tí mo wá fi sí i jẹ́ 2200 méjì. Iná ńlá ń lo wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 50. Iná kékeré, tó ń fà tó 0.5A, ń lé ní wákàtí 8. Ohun tí páálí wí wá di òótọ́, pẹ̀lú bátìrì ẹlòmíràn! Ṣájì rẹ̀ náà ti wá ń gbà tó wákàtí márùn-ún, nítorí náà iná tó wá fún wákàtí méjì ní ìrọ̀lẹ́ kò tó o.

Tí ẹ bá ń ra bátìrì, ẹ má ra èyí tó ní pátákó ààbò ní ìdí. Ó ń gùn tó mìlímítà 69, yóò ká sípíríǹgì àpótí yìí. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni bátìrì méjèèjì wà nínú àpótí, orí so mọ́ orí, ìdí so mọ́ ìdí, nítorí náà ẹ fi mítà wọn fóltéèjì (V) wọn kí ẹ tó fi wọ́n sí i, kí ìyàtọ̀ wọn má ju 0.1V lọ. Bí ọ̀kan bá wà ní 4.2V tí ìkejì wà ní 3.4V, alágbára yóò ya lu aláìlera, wọn yóò sì gbóná fòò. Ti ara kọ̀ǹpútà àtijọ́ dára, àmọ́ èyí tó bá ti wálẹ̀ kọjá 2.5V kí ẹ tó bá a, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ṣájì ìyókù kí wọ́n kún, kí ẹ gbé wọn tì fún ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó bá já wálẹ̀ kọjá 4.0V láìṣiṣẹ́, ẹ má gbé e sórí.

Ohun tó kù tí mi ò fẹ́ ni rọ́bà orí, ó ń dẹ̀ tí òógùn bá ti rin ín.

Máàkì: 2 nínú 5. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo padà lọ ra ìkejì. Mo ní kí wọ́n yọ bátìrì rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì yọ owó rẹ̀ kúrò. Màmá ò jiyàn. ₦11,500.