Iléeṣẹ́ Abániwá-Òṣìṣẹ́ Tí Ọ́fíìsì Agbẹjọ́rò Wa Lò ní Abẹ́òkúta

Láti ìgbà tí ọ̀gá wa ti dá ọ́fíìsì rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbarà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni a ń gbà gba òṣìṣẹ́: ẹnìkan yóò mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, tàbí ọmọ tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a ó sì gbà á. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí iṣẹ́ ọmọ náà bá kù díẹ̀ káàtó. Ta ni yóò lé ọmọ tí àǹtí ìyàwó ọ̀gá fọwọ́ ara wọn fà lé wa lọ́wọ́? Nígbà tí akọ̀wé tí ń bá wa gbé ìwé ẹjọ́ lọ sí kóòtù fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí a sì tún ń wá agbẹjọ́rò kan tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, èmi tí mò ń bójú tó ọ́fíìsì náà ni mo dá a lábàá pé kí a lo iléeṣẹ́ abániwá-òṣìṣẹ́ kan nínú ìlú níbí. N kò ní dárúkọ wọn.

Ìwé àṣẹ ni mo kọ́kọ́ béèrè. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti máa fi bíbáni gba òṣìṣẹ́ ṣòwò láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ mínísítà tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, wọ́n sì mú tiwọn jáde láìjanpata. Owó oṣù kan ti ẹni tí a bá gbà ni owó iṣẹ́ wọn: ìdajì ṣáájú, ìdajì nígbà tí ẹni náà bá wọṣẹ́. Bí ó bá lọ láàárín oṣù mẹ́ta, wọn yóò wá ẹlòmíràn láìgba kọ́bọ̀. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń wáṣẹ́, èyí sì tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ẹni tí ó bá sanwó kí ó tó ríṣẹ́ yóò wá ọ̀nà tí yóò fi rí owó rẹ̀ gbà padà.

Ní ti akọ̀wé, wọ́n ṣe dáadáa. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n fi ìwé ènìyàn mẹ́wàá ránṣẹ́, a sì pe mẹ́ta nínú wọn. Bí ènìyàn ṣe yára tẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà nìkan ni iléeṣẹ́ náà ti dán wò, nítorí náà mo ṣe ìdánwò tèmi. Mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìbúra kan tí mo mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ nínú rẹ̀: nọ́ńbà ẹjọ́ kò bára mu, orúkọ olùjẹ́jọ́ yí padà ní ojú ewé kejì, kò sì sí ọjọ́ tí wọ́n búra. Arábìnrin kan láti Asẹ́rò rí gbogbo rẹ̀ kí n tó mu omi ife kan tán. Ó tún mọ̀ pé ẹni tí ó ní ìwé láti gbé lọ sí kóòtù májísíréètì ní Ìsábọ̀, tí ó sì tún ní òmíràn fún ilé ẹjọ́ gíga ní Kọ́bapé, kò gbọdọ̀ fi àárọ̀ rẹ̀ ṣòfò, nítorí pé ọ̀kan wà láàárín ìlú, èkejì sì wà ní ẹ̀yìn odi. Kò sí kọ̀ǹpútà tí ó ń kọ́ni ní ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò ni ó bà mí nínú jẹ́. Nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n pè ní agbẹjọ́rò nínú ìwé tí wọ́n kọ sí wa, méjì ti gba oyè ìmọ̀ òfin ní yunifásítì lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò tíì dé Law School rárá, ilé ẹ̀kọ́ tí ẹni tí ó gboyè òfin gbọ́dọ̀ lọ kí ó tó di agbẹjọ́rò. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé orúkọ àwọn agbẹjọ́rò ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kò lè dìde gba ẹjọ́ rò fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo pe iléeṣẹ́ náà, arákùnrin tí ó gbé fóònù ní, “Ṣé kì í ṣe òfin kan náà ni wọ́n jọ kà ni, mà?” Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí mo ní láti tako. Wọ́n fẹ́ kí akọ̀wé náà ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn, kí a máa san owó oṣù rẹ̀ fún wọn, kí òun sì máa kọ àwọn ẹjọ́ tí ó bá ṣiṣẹ́ lé lórí sínú fọ́ọ̀mù kan ní ìparí oṣù. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 192, kò gba agbẹjọ́rò láàyè láti tú ohun tí oníbàárà bá sọ fún un síta láìgba àṣẹ rẹ̀, àfi ní àwọn ibi díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Abala 193 sì fa èyí dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé agbẹjọ́rò àti ògbufọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìdílé tí ẹnìkan wá sọ fún wa nínú yàrá kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ẹni tí kò sí nínú ẹjọ́ máa kà nínú fọ́ọ̀mù. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àdéhùn, wọ́n sì yọ ọ́ láìjiyàn. Mo gbà pé fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò fún àwọn ilé ìtajà ni wọ́n kàn gbé wá fún wa.

Bí a bá tún ń wá akọ̀wé, èmi yóò padà sọ́dọ̀ wọn, mo sì rò pé owó oṣù kan kò pọ̀ jù fún ẹni tí a lè bá wí láìsí pé ẹbí ń pè wá ní alẹ́. Ní ti agbẹjọ́rò, ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò tí ó wà ní Abẹ́òkúta ni a ti rí ẹni tí a gbà níkẹyìn. Àǹtí ìyàwó ọ̀gá tún mú ọmọkùnrin kan wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì kọ àdírẹ́ẹ̀sì iléeṣẹ́ náà fún wọn.