Jago & Litefoot tàbí The Paternoster Gang: Èwo Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Fowó Rà?

Ẹni tó bá ń wá eré àfetígbọ́ onítàn àròsọ sáyẹ́ǹsì tó wáyé nígbà ayé Ọbabìnrin Victoria kò ní pẹ́ kó tó bá àwọn méjì yìí pàdé. Ilé iṣẹ́ Big Finish ló ṣe méjèèjì, inú eré tẹlifíṣọ̀n Doctor Who ni àwọn ẹ̀dá ìtàn wọn ti jáde, London tí kùrukùru bò mọ́lẹ̀ sì ni méjèèjì ti ń ṣẹlẹ̀. Mo ní Jago & Litefoot lódindi, mo sì ti gbọ́ àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin The Paternoster Gang tí wọ́n pè ní Heritage. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó ni bí ìtàn náà ṣe tẹ̀ léra, nítorí pé ibẹ̀ ni owó tèmi ti ṣòfò.

Àwo àlòkù ni mo kọ́kọ́ rà, Jago & Litefoot ìpín karùn-ún, lọ́wọ́ ẹnìkan tó fi dá mi lójú pé ìpín kọ̀ọ̀kan dá dúró fúnra rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo pa iná yàrá, mo ti àwo àkọ́kọ́ bọ inú ẹ̀rọ, mo sì ń retí ìró pátákò ẹṣin lórí òkúta òpópónà. London àwọn ọdún 1960 ni mo bá níbẹ̀! Mo yọ àwo náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ṣì í gbé sínú páálí ni, àṣé òun gan-an ni. Ní òpin ìpín kẹrin, Jago àti Litefoot bá Dókítà kẹfà, olórí ẹ̀dá ìtàn Doctor Who, tí Colin Baker ṣe, wọ inú ọkọ̀ rẹ̀ tó ń rìn láti ìgbà kan dé òmíràn. Ìrìn àjò wọn sì wà nínú ìtàn méjì tó jáde lọ́dún 2012, Voyage to Venus àti Voyage to the New World, tí kò sí nínú ìpín kẹrin, tí kò sì sí nínú ìkarùn-ún. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé lọ́tọ̀ ni wọ́n ń ra ìtàn méjèèjì yìí kò lè mọ ohun tó gbé wọn dé ọ̀rúndún ogún. Èyí tó tún dùn mí ni pé ẹni tó bá ra àwo lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gba ìtàn náà sórí fóònù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yẹn kì í bá àwo àlòkù rìn; nígbà tí àwo kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í fò, kò sí ibòmíràn tí mo ti lè gbọ́ ọ.

Ní ti bí ìtàn ṣe tẹ̀ léra, The Paternoster Gang rọrùn jù: àpótí Heritage mẹ́rin ló jáde láàárín 2019 àti 2020, ìtàn mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èkíní, ẹ parí rẹ̀ ní ẹ̀kẹrin. Àmọ́ ẹni tí kò bá tíì rí Vastra, Jenny àti Strax, àwọn mẹ́ta tí ìtàn náà dá lé, lórí tẹlifíṣọ̀n rí yóò kọ́kọ́ ṣe wàhálà díẹ̀ kó tó mọ̀ wọ́n dáadáa.

Ní ti ohùn, Dan Starkey tó ṣe Strax ń pa mí lẹ́rìn-ín gidigidi. Síbẹ̀, Christopher Benjamin àti Trevor Baxter ti jọ ṣe Jago àti Litefoot láti ọdún 1977, ó sì hàn nínú bí ọ̀kan ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èkejì. Jago, onítíátà, a máa to ọ̀rọ̀ tí ìró ìbẹ̀rẹ̀ wọn bára mu jọ bí ẹni ń sun rárà. Litefoot, dókítà tó ń yẹ òkú wò, a sì fi gbólóhùn kan ṣoṣo dá a padà sílẹ̀. Baxter kú ní oṣù keje ọdún 2017, lẹ́yìn ìpín mẹ́tàlá, ìtàn mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Orin àti ìró dára nínú méjèèjì. Ẹni tí kò fẹ́ náwó rárá lè gbọ́ eré àfetígbọ́ mìíràn, Victoriocity, lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó wáyé lọ́dún 1887 nínú London kan tó ti fẹ̀ kọjá ààlà.

Bí àkókò yín kò bá tó nǹkan, The Paternoster Gang yóò tẹ́ yín lọ́rùn. Bí ẹ bá sì fẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ tí ẹ óò máa gbọ́ ohùn wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹ gba The Mahogany Murderers ti ọdún 2009, ìtàn Jago àti Litefoot tó ṣáájú ìpín kìíní, sórí fóònù yín, lẹ́yìn náà ìpín kìíní Jago & Litefoot, kí ẹ sì máa tẹ̀ lé e ní ṣísẹ̀-ń-tẹ̀lé. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ìpín karùn-ún títí ẹ ó fi gbọ́ ìrìn àjò méjèèjì yẹn tán.