Ojú irin tóóró lórí tábìlì mi l'Adó-Èkìtì: oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń lo àpótí rélùwéè kékeré kan

Yàrá tí mo ń kó ìwé sí nílé wa ní Adó-Èkìtì kò fẹ̀ rárá. Tí mo bá dúró láàárín rẹ̀ tí mo na apá méjèèjì, díẹ̀ ló máa ń kù kí ìka mi kan ògiri. Inú yàrá yìí ni ọkọ̀ ojú irin kékeré kan, tí wọ́n ṣe bí ti gidi fún orí tábìlì, ti ń gun òkè tó sì ń sọ̀ láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń béèrè nǹkan kan náà: "Tíṣà, níbo lẹ ti rà á? Ṣé ó tó owó tí wọ́n ń pè é? Báwo lẹ ṣe ń ṣe é nígbà tí iná kì í dúró?" Mo fẹ́ dáhùn lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́, torí nígbà tí èmi fúnra mi ń wá àlàyé lédè wa kí n tó náwó, mi ò rí.

Àpótí ìbẹ̀rẹ̀ ni mo rà. Ẹ́ńjìnnì kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ṣe bí ẹ́ńjìnnì ayé àtijọ́ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, pẹ̀lú wágọ́ọ̀nù mẹ́ta, ojú irin tí a lè tò yípo, àti ẹ̀rọ ìdarí tí a ń fi ọwọ́ yí kí eré ọkọ̀ lè pọ̀ tàbí kó dín kù. Àbúrò mi tó ń gbé Ìlú Ọba ló bá mi kó o sínú báàgì nígbà tó ń bọ̀ wálé ṣọdún Kérésì. Owó rẹ̀ fi díẹ̀ ju owó oṣù mi kan lọ, iṣẹ́ tíṣà sì ni mò ń ṣe, nítorí náà kì í ṣe owó tó ṣẹ́ kù ni mo fi rà á.

Àìsí àyè ló jẹ́ kí n yan ojú irin tóóró. Èyí tí àwọn tó fẹ́ràn nǹkan yìí ń lò jù, mìlímítà 16.5 ni àárín irin rẹ̀ méjèèjì. Ó dára, àmọ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ tó lè yí po wọ́ọ́rọ́wọ́, àyípo náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi fóòtì mẹ́ta. Tèmi, mìlímítà 9 péré ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń yí po nínú ínṣì 18. Mo ra plywood kan, fóòtì mẹ́jọ sí mẹ́rin bí wọ́n ṣe ń tà á, káfíńtà àdúgbò wa sì bá mi là á sí mẹ́rin, tí ìkọ̀ọ̀kan fi jẹ́ fóòtì mẹ́rin sí méjì. Orí ẹyọ kan ṣoṣo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni gbogbo rélùwéè mi wà. Mo fi ìyókù ṣe pẹpẹ ìwé.

Ìdí kan náà ló mú kí àwọn tó ń la rélùwéè gidi máa la èyí tó tóóró. Ó lè yí kọ́nà tó mú, ó lè lọ́ mọ́ ara òkè láìjẹ́ pé wọ́n gé òkè náà wó, owó tí wọ́n ń ná sí i sì kéré. Ojú irin àtijọ́ tó gba Ìbàdàn àti Òṣogbo kọjá lọ sí Ìlọrin, mìlímítà 1067 ni, ara àwọn tóóró ni wọ́n sì ń ka ìyẹn pàápàá sí, tí a bá gbé e ti 1435 tí ọkọ̀ tuntun Èkó sí Ìbàdàn ń gbà láti 2021. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni èyí tó tún tóóró ju bẹ́ẹ̀ lọ, fóòtì méjì ààbọ̀, ìyẹn mìlímítà 762. Ó ti wà ní Nàìjíríà rí. Orí rẹ̀ ni tráàmù Èkó rìn láti 1902 títí di 1933. Orí rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń kó tánńganran láti Bukuru, lápá Jos, lọ sí Zaria. 1912 ni apá àkọ́kọ́ ọ̀nà yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì pa á tì ní 1957.

Rélùwéè kò dé Èkìtì rí. Bàbá tó bí bàbá mi ra kòkó tà, lọ́rì ni wọ́n sì fi ń gbé e dé Òṣogbo kó tó bá ọkọ̀ ojú irin. Ìtàn yẹn ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Ohun tí mo kọ́ sórí plywood yìí ni ojú irin tí ì bá wá pàdé bàbá lọ́nà: irin tóóró tó ti inú oko kòkó bọ̀, tó lọ́ yí àpáta ká, tó wá parí sí ẹnu sítọ́ọ̀. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ wa, òkìtì ni wọ́n sì sọ pé orúkọ Èkìtì ti jáde. Irú ilẹ̀ báyìí gan-an ni wọ́n ń torí rẹ̀ la irin tóóró.

Kí ẹ tó rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ìṣirò tí èmi kò ṣe. Irin mìlímítà 9 yìí, oríṣi ìwọ̀n méjì ló ń bá a rìn. Àwọn ará Ìlú Ọba ń ṣe é ní 1:76, ìyẹn ni pé wọ́n pín ìwọ̀n nǹkan gidi sí ọ̀nà 76, 009 ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Jámánì àti Austria ń ṣe é ní 1:87, H0e ni tiwọn ń jẹ́. Tí a bá pín 762 sí ọ̀nà 76, mìlímítà 10 ló máa fún wa, ó sì ju irin tó wà nílẹ̀ lọ. Tí a bá pín in sí ọ̀nà 87, 8.76 ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 9 mu gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú irin tó lọ sí Bukuru, 1:87 ló yẹ kó rà. 1:76 ni mo ti rà ní tèmi. Lára ojú irin, ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo fẹ́ kó ènìyàn sí i ló hàn, torí 1:87 ni púpọ̀ nínú àwọn ère ènìyàn tí mo rí rà, ẹni tó bá sì ga ní mítà 1.74 kì í ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ nínú ìwọ̀n yẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì mi, ṣe ni wọ́n dà bí ọmọdé. Mo kó gbogbo wọn sẹ́yìn àpáta, níbi tó jìnnà sí ojú, wọ́n sì bá ibẹ̀ mu.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn jù nínú àpótí náà ni ojú irin rẹ̀. Inú irin ni iná ń gbà dé ẹ́ńjìnnì, àmọ́ gígé kúkúrú kúkúrú ni, oríkèé wọn kò sì dì mọ́ra. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí iná kò fi kọjá níbẹ̀ dáadáa mọ́, tí ẹ́ńjìnnì ń dúró lójijì. Mo tú gbogbo rẹ̀ kúrò, mo sì fi irin tí ilé iṣẹ́ Peco ń ṣe, tó ṣeé tẹ̀, dípò rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún 009 gan-an. Owó tí mo ná síbẹ̀ kò dùn mí rárá. Slíípà rẹ̀, ìyẹn àwọn igi tó dábùú lábẹ́ irin, jìnnà síra bí ti rélùwéè oko, ó ń tẹ̀lé ọwọ́ tí a bá ti rọra tẹ̀ ẹ́, kì í sì ṣẹ́. Mo fi lẹ́ẹ̀dì jo wáyà mọ́ ẹ̀gbẹ́ irin níbi mẹ́rin, kó má jẹ́ pé oríkèé nìkan ni iná ń gbà kọjá. Ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, mo fi àlàfo tó nípọn tó káàdì sílẹ̀, kí irin lè rí àyè nígbà tí ooru bá mú un gùn sí i. Oṣù kẹta ọdún dé, oòrùn Adó sì mú bó ṣe ń mú, irin mi kò wọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún pọ́íńtì, ìyẹn ibi tí ojú irin ti ń pín sí méjì. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ní rọ́bà níbi tí irin ti ń kọjá lára irin, iná kì í sì sí níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ńlá máa ń gùn rékọjá rẹ̀, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó kúrú bíi tèmi á kú síbẹ̀ gbọnrangandan. Ẹ béèrè èyí tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀, tó ń gba iná jákèjádò.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná. Ẹnu púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ ìdarí tó bá a wá bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wa mu, kò sì ní ìṣòro, àfi pé ọjọ́ tí iná bá wà nìkan ló wúlò. Inú mi dùn nígbà tí mo rántí pé iná tó ń wọ irin kò ju fóltì 12 lọ, iná DC ni, irú èyí tí bátìrì ń mú wá, bátìrì ọ̀kadà sì ni fóltì 12. Mo ra ẹ̀rọ ìdarí kékeré mìíràn tó ń gba iná bátìrì, tó ní súwíìṣì tí a fi ń yí iná padà kí ọkọ̀ lè rìn sẹ́yìn. Páńẹ́lì sólà kékeré tó wà lórí òrùlé ni mo fi ń gbé iná sí bátìrì náà lọ́sàn-án. Láti ìgbà yẹn, tí gbogbo àdúgbò bá ṣókùnkùn, ọkọ̀ mi ń rìn.

Àmọ́ mi ò fi fíùsì sí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, sùkúdíráfà bọ́ lọ́wọ́ mi, ó dábùú irin méjèèjì. Kí n tó fà á kúrò, rọ́bà ara wáyà ti ń yọ́, èéfín ti gba abẹ́ tábìlì. Ọmọ mi obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àyà mi já gidigidi, torí bátìrì ọ̀kadà kéré lójú ni, iná tó lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè jó ilé. Fíùsì ámpù kan ló wà lẹ́nu bátìrì báyìí, kò sì jìnnà sí orí bátìrì ju ìka mẹ́ta lọ. Ẹ́ńjìnnì náà kì í lò tó ààbọ̀ ámpù, nítorí náà fíùsì yẹn kì í dí i lọ́wọ́. Ẹ má so wáyà kankan mọ́ bátìrì láìsí i.

Iṣẹ́ òkè ni mo gbádùn jù nínú gbogbo rẹ̀, kò sì sí ohun tí mo rà láti òkè òkun fún un. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di fíríìjì ni mo gbẹ́. Mo ti kọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù àwọn tó ń ṣe bàtà lẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù náà sì jẹ ẹ́ di ihò. Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò ló dára. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti lọ wo àpáta Olóṣùnta dáadáa, bó ṣe dán lórí, àti bí omi òjò ṣe fi ilà dúdú sí i lára láti òkè wá sílẹ̀. Mo fi POP bo fóòmù náà, mo fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀dà eérú tí mo fi omi là, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ fa àwọn ilà dúdú náà. Bàbá àgbà kan tó wá kí wa dúró síwájú rẹ̀, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Olóṣùnta rè é." Ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí.

Erùpẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé wa ni mo jọ̀ tí mo dà sáàárín slíípà. Mo fi omi tó ní ọṣẹ díẹ̀ rin ín, kí gọ́ọ̀mù tí mo fi omi là lè wọ inú rẹ̀, mo sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kànrìnkàn ìbílẹ̀ tí mo gé wẹ́wẹ́ tí mo sì pa láró ni koríko. Eruku pákó láti sọ́míìlì ni ilẹ̀ abẹ́ kòkó. Fún òrùlé sítọ́ọ̀, mo bó ojú kan kúrò lára páálí, ìṣẹ́po inú rẹ̀ sì jọ páànù gẹ́lẹ́ nígbà tí mo kùn ún bí ohun tó ti dípẹtà.

Mo kọ́kọ́ gbé ojú irin sókè ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta láàárín ọgọ́ta. Ẹ́ńjìnnì nìkan gùn ún, àmọ́ pẹ̀lú wágọ́ọ̀nù mẹ́ta, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yí lójú kan. Nígbà tí mo fa gígùn náà dé ọgọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà, tí mo sì lẹ òjé tí àwọn apẹja fi ń rì àwọ̀n mọ́ inú orí ẹ́ńjìnnì, ó gbé gbogbo wọn lọ.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Eruku rẹ̀ ń bà lé irin, iná ń ta pàrà lábẹ́ kẹ̀kẹ́, ìdọ̀tí dúdú sì ń gbá jọ. Nígbà ọyẹ́, ojoojúmọ́ ni mo ń fi aṣọ funfun tí mo rẹ sínú sípíríìtì nu irin kí n tó tan iná. Nígbà òjò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Ẹ má fi sáńpépà ha á, torí ojú ibi tó bá ha náà ni ìdọ̀tí máa tún wọ̀. Kẹ̀kẹ́ rọ́bà tó wà lábẹ́ wágọ́ọ̀nù inú àpótí náà ń dá kún ìdọ̀tí yìí. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀ sí onírin.

Tí mo bá ní kí n fún àpótí náà ní máàkì, mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló sì gba márùn-ún níbẹ̀: ó ń rọra rìn, kò ní ariwo, kò bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá lè ra nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, kó ra ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, kó ra irin Peco, kó sì fi ti àpótí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló tún ń ra ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré tí Kato ti ilẹ̀ Japan ń ṣe, wọ́n á wá fi ọwọ́ ara wọn kọ́ òkè rẹ̀. Èmi náà ti ń ya àwòrán ọ̀kan sínú ìwé.

Pọ́íńtì kejì ti wà lọ́dọ̀ àbúrò mi, ó ń dúró de ẹni tó ń bọ̀ wálé. Ẹnu sítọ́ọ̀ kòkó ni mo fẹ́ fi sí, kí wágọ́ọ̀nù lè dúró síbẹ̀ gbẹrù, kí ẹ́ńjìnnì sì lọ pọnmi lẹ́sẹ̀ Olóṣùnta kó tó padà wá gbé e.