Ẹ̀rọ "AI" tó ń yẹ gbogbo ara wò l'Óṣogbo: ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó mú ìyá yín lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá tàbí bàbá tó ti dàgbà nílé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà torí kì í ṣe àwọn nìkan ló ń ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ Ọláìyá níbẹ̀ ni ṣá, wọ́n gbé bánà ńlá kan síta tí wọ́n kọ ọ́ sí pé AI, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní ó ń ronú bí èèyàn, á yẹ gbogbo ara yín wò láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí abẹ́rẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní fa ẹ̀jẹ̀ yín, ₦5,000 péré.

Inú kòrópe ni màmá mi wà tí wọ́n ń bọ̀ láti Ọjà Ọba tí wọ́n fi rí i. Ẹni ọdún 67 ni wọ́n, ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn ò sì fẹ́ràn abẹ́rẹ́ rárá. AI yìí náà ni wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò, òun ni wọ́n ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun làwọn ọmọ-ọmọ wọn ń pariwo nínú ilé, torí náà wọn ò bi ẹnikẹ́ni, wọ́n ní ẹ̀rọ táwọn òyìnbó ń lò ti dé Òṣogbo, wọ́n bọ́ sílẹ̀. Ìgbà tí mo fi máa gbọ́, wọ́n ti sanwó, wọ́n ti ra páálí tíì mẹ́ta, ₦12,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ọmọ tó tà á fún wọn ní "Mummy, ẹ sinmi oògùn òyìnbó yẹn ná kí tíì yìí lè ráyè ṣiṣẹ́." Wọ́n sì gbọ́ràn. Ọjọ́ kẹsàn-án ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn tí òòyì ń kọ́ wọn, mo gbé wọn lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, BP wọn ti di 178/104. Nọ́ọ̀sì tó wọ̀n ọ́n tẹjú mọ́ nọ́ńbà yẹn, ó tún un wọ̀n, kò sọ̀rọ̀, ó kàn sáré lọ pe dọ́kítà.

Ọjọ́ kejì mo lọ síbẹ̀ fúnra mi. Bíṣẹ́nẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni mo ń ṣe, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi kọ̀ǹpútà jẹun. Mo ní láti sọ òtítọ́, ibẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n fún mi ní omi, ọmọ tó wà níbẹ̀ mọ èèyàn kí. Ohun tí wọ́n ń pè ní AI yẹn, láptọ́ọ̀pù kan ni, pẹ̀lú àpótí kékeré kan tí ò ju páálí Peak lọ, wáyà kan jáde lára ẹ̀, ọ̀pá irin wà lẹ́nu wáyà yẹn tí wàá dì mú sọ́wọ́. Sítíkà AI ni wọ́n lẹ̀ mọ́ àpótí náà, igun kan ti ń ṣí, mo fi èékánná gbé e díẹ̀, "Quantum", ọ̀rọ̀ àwọn onísáyẹ́ǹsì kan, ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kan náà ni wọ́n ti ń gbé kiri láti bí ọdún mẹ́wàá ó lé, nígbà tó jẹ́ pé quantum lọ̀rọ̀ tó ń wọ aráyé létí, quantum ló ń jẹ́, ní báyìí tó jẹ́ AI ni gbogbo ènìyàn ń sọ, wọ́n lẹ AI lé e lórí. Nǹkan kan ò yí padà nínú àpótí yẹn.

Kí ẹni náà tó di ọ̀pá mú, wọ́n á kọ́kọ́ tẹ orúkọ, ọkùnrin àbí obìnrin, ọjọ́ orí, gíga àti ìwọ̀n ara ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Fáìlì màmá mi ṣì wà níbẹ̀. Mo san ₦5,000 mìíràn, mo ní kó má yí nǹkan kan padà, kó fi orúkọ wọn sílẹ̀ bó ṣe wà, èmi ni màá di irin yẹn mú. Àwòrán egungun ń yí lójú kọ̀ǹpútà, àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé ń lọ sókè sódò, ìṣẹ́jú díẹ̀, prińtà bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìwé jáde, ó lé ní ogójì ojú ìwé. Ojú ìwé kan wà níbẹ̀ fún ilé ọmọ. Ilé ọmọ tèmi, ọkùnrin ọlọ́mọ méjì, ó ní ó ti wú díẹ̀. Ọmọ yẹn wo ìwé, ó wò mí, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni?" Àánú ẹ̀ ṣe mí, ó gba ohun tí wọ́n kọ́ ọ gbọ́ ni. Ọ̀gá wọn lórí fóònù ló bí mi nínú, ó ní AI máa ń kọ́ ẹ̀kọ́ lọ ni, tó bá yá á mọ̀ mí.

Ọ̀rọ̀ AI yìí, ọdún 1955 ni John McCarthy àtàwọn mẹ́ta kan kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi wá owó fún ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Dartmouth l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1956, iṣẹ́ gidi sì ni àwọn èèyàn ń fi ṣe. Lọ́dún 2021, àjọ ìlera àgbáyé WHO fọwọ́ sí i pé kí kọ̀ǹpútà máa wo ẹ́síréè àyà àwọn tó ti tó ọdún 15 láti wá ikọ́ ife. Àmọ́ ẹ wò ó, ẹ́síréè ti wà nílẹ̀ kí ó tó wò ó, àìmọye ẹ́síréè ni wọ́n ti fi kọ́ ọ tẹ́lẹ̀, tó bá sì fura, wọ́n ṣì máa gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláìsàn lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù. Kí ni irin tó wà lọ́wọ́ màmá mi gbà lára wọn? Kéèyàn tó mọ ṣúgà, ó kéré tán ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà. Kíndìnrín, ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ yìí ò gba ẹ̀jẹ̀, kò gba ìtọ̀, fọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ̀ ló ń kà. L'Amẹ́ríkà, oṣù kẹta ọdún 2024, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò níbẹ̀, SEC, gba $400,000 owó ìtanràn lọ́wọ́ iléeṣẹ́ méjì torí wọ́n ní àwọn ń lo AI lọ́nà tí wọn ò gbà lò ó, ọ̀rọ̀ owó lásán nìyẹn o, èyí ẹ̀mí ni.

Mo sọ fún ọ̀gá yẹn pé òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ò fàyè gba kí wọ́n máa fi irọ́ ta ọjà. Wọ́n dá ₦24,000 padà fún páálí tíì méjì tá ò tíì ṣí. Bánà ṣì wà níbẹ̀ di òní. Tó bá jẹ́ máàkì ni mo fẹ́ fún wọn, kò tó star kan.

Màmá mi ti padà sórí oògùn wọn, ọ̀sẹ̀ tó kọjá 138/86 ni. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ n da ìwé ogójì yẹn nù. Mo bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní ọmọ yẹn jókòó tì wọ́n, ó ka gbogbo ẹ̀ sí wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tó wákàtí kan, pé ní ọsibítù ẹnikẹ́ni ò bá wọn jókòó tó bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ti ra ẹ̀rọ BP sílé, ní ìrọ̀lẹ́ Sunday a máa ń jókòó, wọ́n á na ọwọ́ òsì, mo ń wọ̀n ọ́n, àwọn fúnra wọn ló ń kọ nọ́ńbà ẹ̀ sẹ́yìn ìwé yẹn.