Kọ́ọ̀sì gálárì aṣálẹ̀ tí mo rà ní Àgbádárìgì: ẹ rà á nítorí fọ́ọ̀mù, ẹ má rà á nítorí afẹ́fẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo sanwó ẹ̀ yẹn, mo ti wò ó tán, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí. Tọkọtaya kan tó ní gálárì kékeré ní aṣálẹ̀ California, apá Joshua Tree lọ́hùn-ún, ló ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń ṣe gálárì àdúgbò, bí wọ́n ṣe ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ayàwòrán, bí wọ́n ṣe ń gbé e kọ́, bí wọ́n ṣe ń tà á, bí wọ́n ṣe ń sanwó oníkálukú láìjà. Dọ́là 60 ni. Yàrá kan péré làwa ní o, láàárín ọ̀sà àti òkun, iṣẹ́ àwọn ará àdúgbò la sì ń kó síbẹ̀. Ọkọ mi ní kí ló kàn mí kan aṣálẹ̀.

Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bi mí ṣá, torí fídíò tó dá lórí afẹ́fẹ́ inú gálárì, ẹ̀rín ni mo fi wò ó tán. Ọ̀gbẹ́ni yẹn gbé mítà tó ń ka ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ síwájú kámẹ́rà, ó ka 12 nínú 100. Ó ní tí ibì kan bá ti gbẹ tó yẹn, igi á máa sán, bébà á máa ṣẹ́, ọ̀dà ojú kánfáàsì á máa bó, ló bá da omi sínú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù kí yàrá lè rin díẹ̀. Omi kẹ̀! Mo ra irú mítà yẹn ní Alábà, mo gbé e sórí tábìlì wa, fèrèsé wà ní títì o, ó ka 84. Wọ́n ní láàárín 40 sí 60 ló dáa, tó bá ti kọjá 65 sí 70 tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Lóòótọ́, àwọn àwòrán orí bébà tá a gbé kọ́ lásìkò òjò Okúdù, ẹ̀yìn wọn ti hu funfun yẹn tó máa ń hù lára búrẹ́dì.

Nítorí náà, ibi tí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ fi omi sí i, ẹ̀yin ẹ yọ omi kúrò. Sílíkà jẹ́ẹ̀lì, àwọn ọ̀rá kékeré inú páálí bàtà tuntun yẹn, ni mo ń kó sínú dúrọ́ọ̀ tá à ń tọ́jú àwòrán sí. Wọ́n sọ ọ̀kan tó ṣiṣẹ́ fún wa gan-an: ẹ má jẹ́ kí ẹ̀yìn férémù lẹ̀ mọ́ ògiri. Rọ́bà kékeré kan tí wọ́n ṣe fún un ni wọ́n ń lò, èmi gé sílípáàsì àtijọ́ sí wẹ́wẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, atẹ́gùn ń gba ẹ̀yìn kọjá báyìí. Iyọ̀ ni wọn ò mẹ́nu kàn rárá, òkun ò sí nítòsí wọn. Atẹ́gùn òkun tiwa máa ń mú kí ìṣó àti wáyà tá a fi gbé férémù kọ́ dógùn-ún, ọjọ́ tó bá já ẹ ò ní mọ̀. Ẹ lo idẹ.

Ti eruku ńkọ́? Èyí bá wa mu, ṣé eruku Sàhárà náà kọ́ ni ọyẹ́ ń kó wá bá wa. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fi gbọn àwòrán, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀, látòkè wá sísàlẹ̀. Ẹ má fi ràágì tútù kàn án rárá, ẹrẹ̀ ló máa dà lójú iṣẹ́ oníṣẹ́.

Ibi tí mo ti jèrè owó mi ni fọ́ọ̀mù àdéhùn tí gálárì àti oníṣẹ́ jọ ń bọ́wọ́ lù. Níbí, ẹnu la fi ń ṣe é, oníṣẹ́ á gbé iṣẹ́ wá, á ní "tó bá ti tà kẹ́ ẹ pè mí", ó parí. Tó bá wá tà, wàhálà dé. Bàbá kan tó ń gbẹ́ igi dúró sẹ́nu ọ̀nà wa nígbà kan, wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé o, àmọ́ èló lẹ ta ère mi gan-an?" Ẹ mọ irú "gan-an" yẹn. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún wa nínú kọ́ọ̀sì ò ju ojú ewé kan lọ: orúkọ oníṣẹ́, ohun tó fi ṣe é, bó ṣe tóbi tó, iye tá a máa tà á, iye tó jẹ́ ti gálárì, ta ló máa sanwó ẹ̀ tó bá bàjẹ́, ìgbà tó máa wá kó o tí kò bá tà, àti pé òun ló ṣì ni ín títí ẹnìkan fi máa rà á. Mo tún un kọ lédè Yorùbá, ẹnìkan ń bá mi ṣàlàyé ẹ̀ lédè Ògù fáwọn tó bá fẹ́. Ẹ̀dà méjì la ń ṣe, oníṣẹ́ á mú ọ̀kan lọ. Gálárì ńlá tó ń mú ìdajì owó pọ̀, tọkọtaya yìí ń mú 30 nínú 100, àwa ń mú 25. Màmá tó ń hun ẹní ní Ajara fi ìka tẹ orí nọ́ńbà yẹn, wọ́n ní "ẹ máa rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí o", wọ́n sì bọ́wọ́ lù ú.

Wọ́n tún sọ ìtàn àwọn ayàwòrán Papunya ní aṣálẹ̀ Ọsirélíà, tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló ni ilé iṣẹ́ wọn, Papunya Tula, láti 1972. Ìyẹn wọ̀ mí lọ́kàn, mo ti ń bá àwọn tiwa sọ ọ́. Ti Noah Purifoy, oníṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà kan, ni mi ò gbà o: ó kó lọ sí Joshua Tree ní 1989, ó fi pàǹtí ṣe iṣẹ́ ọnà sí gbangba ìta, òòrùn àti afẹ́fẹ́ ń jẹ ẹ́, wọ́n ní ìyẹn gan-an wà lára iṣẹ́ náà. Aṣálẹ̀ nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń fi pákó ọkọ̀ ojú omi àti àwọ̀n ẹja ṣe iṣẹ́ fún wa, tá a bá gbé e síta níbí, ìkán àti òjò ò ní dúró gbọ́ ìtumọ̀ ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe lórí owó ìrànwọ́, ẹ fò ó, ti Amẹ́ríkà ni látòkè délẹ̀. Ìpàdé ìbéèrè-àti-ìdáhùn wọn, aago méje alẹ́ tiwọn ni, aago mẹ́ta òru tiwa. Fídíò ń jẹ dátà, àmọ́ ó ṣeé dáńlóòdù, ẹ dúró de wáífáì ẹlòmíràn. Wọ́n tún ní kẹ́ ẹ ní nǹkan olówó pọ́ọ́kú lẹ́nu ọ̀nà, mo wá tẹ àwọn àwòrán wa sórí káàdì. Àwọn ọmọ iléèwé tó wá wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tí wọ́n parí ní 1845 yẹn, kò sẹ́ni tó máa ra kánfáàsì nínú wọn, àmọ́ wọ́n ń ra káàdì, olùkọ́ wọn náà ń rà.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sọ pé Nàìjíríà lẹ wà, wọ́n máa ń dín in.