Ìpín Yúrò 50 nínú Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Eibar: Àyẹ̀wò Ohun tí Owó Kékeré Lè Rà

Ní ọdún 2014, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Eibar ti orílẹ̀-èdè Sípéènì gbé ìpín ìdókòwò jáde fún títà, yúrò 50 sì ni iye owó ìpín kọ̀ọ̀kan. Mo ra ọ̀kan láti Lọ́ńdọ̀nù tí mò ń gbé nígbà náà, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ mi tó láti lè sọ ohun tí ọjà náà jẹ́, ohun tí ó fún ẹni tó rà á, àti ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó sí. Àyẹ̀wò yìí kò dá lórí ife-ẹ̀yẹ, nítorí Eibar kò gba ife ńlá kankan rí. Ó dá lórí ìbéèrè tí mo kà sí pàtàkì jù lọ nínú bọ́ọ̀lù òde òní: ǹjẹ́ ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ni ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ràn, àbí oníbàárà lásán ni yóò máa jẹ́ títí láé?

Ẹni tó bá fẹ́ lóye ìdí tí ọjà náà fi rí bí ó ṣe rí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú ìlú tí ó ti wá. Eibar wà ní ìpínlẹ̀ Gipuzkoa, ní ilẹ̀ àwọn Basque, ní àríwá Sípéènì. Inú àfonífojì tóóró kan tí odò Ego ń gbà kọjá ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 27,000 lọ. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń rọ ìbọn níbẹ̀, títí dòní armeros, ìyẹn àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn, ni wọ́n sì ń pe àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ ìbọn yíjú sí kẹ̀kẹ́ ológeere àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ BH àti Orbea, tí àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje mọ̀ dáadáa, ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1920, àwọn òṣìṣẹ́ ìlú náà da owó jọ, wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ Alfa sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ìbọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ni ó sì sọ wọ́n di olókìkí. Ìlú tí òṣìṣẹ́ ti ń jẹ́ ẹni tó ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láti ìgbà náà kò ní ṣàì mọ bí a ṣe ń pín ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ọdún 1940 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, nígbà tí ìlú ṣì ń tún ara rẹ̀ kọ́ lẹ́yìn bọ́ǹbù tó ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ ní 1937, nígbà ogun abẹ́lé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìpele kejì àti ìpele kẹta ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, tí ẹnikẹ́ni tí kò gbé ní agbègbè náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ orúkọ wọn.

Òfin ló bí títà ìpín náà, ó sì yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dun àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù jù. Láti ọdún 1990 ni ìjọba Sípéènì ti pàṣẹ pé kí àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní ìpele kìíní àti ìkejì di ilé iṣẹ́ onípìn-ín, àfi mẹ́rin péré tí wọ́n yọ̀ǹda fún, ìyẹn Real Madrid, Barcelona, Athletic ti Bilbao àti Osasuna. Ní 1999, àṣẹ mìíràn tún jáde pé owó ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìpíndọ́gba owó tí àwọn ẹgbẹ́ ìpele kejì ń ná. Nígbà tí Eibar padà sí ìpele kejì ní 2013, wọ́n rí i pé owó ìpìlẹ̀ tiwọn kéré jìnnà sí iye tí òfin ń fẹ́: wọ́n ní láti wá yúrò 1,724,272 kún un kí ó tó di oṣù kẹjọ ọdún 2014, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò já wálẹ̀ sí ìpele kẹta, ohun yòówù kí wọ́n ṣe lórí pápá.

Bẹ́ẹ̀ ni Eibar kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, iye tó bá wọlé nìkan ni wọ́n ń ná. Òfin tí wọ́n ṣe láti dá àwọn ẹgbẹ́ dúró kí wọ́n má baà rì sínú gbèsè ló wá fẹ́ fìyà jẹ ẹgbẹ́ tí kò ní gbèsè rárá, kìkì nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ yòókù ń náwó jù ú lọ. Mo gbà pé ìyànjẹ ni, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ohun tí gbèsè ń ṣe fún ẹgbẹ́ ní Sípéènì, kí ó wo Salamanca, níbi tí Mutiu Adépọ̀jù, ọmọ Ìbàdàn, ti gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn tí ó kúrò ní Real Sociedad, ẹgbẹ́ tó jọ wà ní Gipuzkoa kan náà pẹ̀lú Eibar. Ní 2013, ẹgbẹ́ Salamanca tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún yìí tú ká pátápátá lábẹ́ ẹrù gbèsè, lẹ́yìn tí ó ti lo àádọ́rùn-ún ọdún láyé.

Ìdáhùn àwọn olórí Eibar, lábẹ́ ààrẹ wọn ìgbà náà, Álex Aranzábal, ni pé kí wọ́n pe gbogbo ayé wá ra ìpín. Wọ́n pe ìpolongo náà ní Defiende al Eibar, ìyẹn «Dáàbò bo Eibar». Xabi Alonso àti David Silva, tí àwọn méjèèjì ti wá kọ́ṣẹ́ ní Eibar gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àyálò nígbà tí wọ́n ṣì kéré, ti ìpolongo náà lẹ́yìn. Àwọn tó rà á pọ̀ dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè ni wọ́n sì ti wá. Ohun tí ó mú kí ọkàn mi fà sí ọjà náà ju ohun gbogbo lọ ni gbèdéke tí wọ́n fi lé e: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ra ju ìpín tí owó rẹ̀ jẹ́ yúrò 100,000 lọ. Wọ́n lè tà á fún olówó kan kí wọ́n sì parí gbogbo rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, pàápàá nígbà tí ẹgbẹ́ náà na Alavés ní góólù kan sí òdo ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún, tí ó sì gòkè lọ sí La Liga, ìyẹn ìpele kìíní, fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn rẹ̀. Lójijì, ohun tí wọ́n ń tà ti di ohun tí olówó kankan ní ayé lè fẹ́. Wọn kò yí gbèdéke náà padà. Owó náà pé kí àkókò tó tó, láti ọwọ́ àwọn ènìyàn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ra ju ìpín díẹ̀ lọ.

Kí ni ẹni tó ra ìpín rí gbà? Ìpín náà kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì. Kò fún ni ní ìjókòó nínú pápá. Ẹni tó bá fẹ́ wo eré yóò san owó ìwọlé gẹ́gẹ́ bí ẹlòmíràn. Kò sí ní ibi ìṣòwò ìpín tí a ti lè máa wo iye rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ rà á pẹ̀lú ìrètí èrè. Ó dà bí aṣọ ẹbí: a rà á kí a lè kà wá mọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, kì í ṣe kí a lè tún un tà. Ṣùgbọ́n ní ojú òfin, ìpín tòótọ́ ni, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ìṣirò owó ẹgbẹ́ àti láti dìbò nínú ìpàdé gbogboogbò, ìyẹn sì yàtọ̀ gédégbé sí káàdì olólùfẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá ń tà fún wa, tí kò fún wa lágbára lórí ohunkóhun.

Èrè tí mo rí gbà jù lọ dé ní ìparí ọdún àkọ́kọ́ ní La Liga. Eibar ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa, wọ́n na Real Sociedad ní góólù kan sí òdo nínú eré àkọ́kọ́ wọn ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 2014, ṣùgbọ́n apá kejì ọdún náà le fún wọn, wọ́n sì parí sí ipò kejìdínlógún, èyí tí ó yẹ kí ó dá wọn padà sí ìpele kejì. Elche, ẹgbẹ́ mìíràn ní La Liga, ni wọ́n wá já wálẹ̀ dípò wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Elche ti gbá bọ́ọ̀lù jù wọ́n lọ ní ọdún náà, nítorí gbèsè tí ó jẹ. Ó bà mí nínú jẹ́ fún àwọn olólùfẹ́ Elche, tí kì í ṣe àwọn ni wọ́n jẹ gbèsè náà. Ṣùgbọ́n mo tún wo ìpín mi, mo sì mọ̀ pé ìwà tí mo fi yúrò 50 tì lẹ́yìn, ìyẹn kí ènìyàn má ná ju ohun tí ó ní lọ, ni ó gbà wọ́n là nígbà tí àmì tí wọ́n kó jọ lórí pápá kò tó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni José Luis Mendilibar padà wá ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Òun náà ló wà níbẹ̀ ní 2004 sí 2005, ọdún tí David Silva wà níbẹ̀ tí ó sì kù díẹ̀ kí wọ́n gòkè. Lábẹ́ rẹ̀, Eibar kò já wálẹ̀ láti 2015 títí di 2021, wọ́n sì na Real Madrid ní góólù mẹ́ta sí òdo ní Ipurua, pápá wọn, ní oṣù kọkànlá 2018. Àwọn tó rò pé ìlú kékeré nìkan ló mọ bọ́ọ̀lù rẹ̀ ní láti rántí pé ọkùnrin yìí kan náà ló gba ife Europa League pẹ̀lú Sevilla ní 2023, tí ó sì gba ife Conference League pẹ̀lú Olympiacos ní 2024.

Mo ti lọ wo eré ní Ipurua fúnra mi, lẹ́yìn tí wọ́n ti padà sí ìpele kejì, mo sì lè sọ nípa bí wọ́n ṣe ń gba àlejò. Ọkọ̀ ojú irin kékeré ti Euskotren, tó ń rìn láàárín Bilbao àti San Sebastián, máa ń dúró ní Eibar. Kì í yára, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ lẹ́wà láàárín àwọn òkè. Láti gbàgede Untzaga ní àárín ìlú, gígun òkè ni títí dé pápá. Nǹkan bí 5,000 ènìyàn ni pápá náà ń gbà nígbà tí mo ra ìpín, lẹ́yìn ìmúgbòòrò ó ń gbà bí 8,000, síbẹ̀ kò sí ìjókòó kan tí ó jìnnà sí koríko. Ènìyàn ń gbọ́ ohùn akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó ń gbọ́ bí bàtà ṣe ń kan bọ́ọ̀lù. Àwọn ilé alájà púpọ̀ sún mọ́ pápá débi pé àwọn ará ilé kan ń wo eré láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé wọn. Àwọn olólùfẹ́ tó ń jẹ́ Escozia La Brava kò dákẹ́ orin. Àlejò dúdú kan ṣoṣo ni mí ní ìlà tí mo jókòó sí, àwọn àgbà tó yí mi ká sì bi mí léèrè ibi tí mo ti wá. Nígbà tí mo sọ pé mo ní ìpín kan, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n sì bá mi sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

Ibi tí ọjà náà kù sí kò ṣeé fi pa mọ́. Iye ìpín ni a fi ń ka ìbò, nítorí náà ẹni tó ní ìpín kan kò lè yí ìpinnu kankan padà, àti pé ẹni tó ń gbé ní òkè òkun kò lè máa wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ìpàdé. Ẹni tó bá fẹ́ ta tirẹ̀ ní láti wá ẹni tí yóò rà á fúnra rẹ̀. Ní ti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí pápá, sùúrù ni ó gbà: ní 2022, wọ́n pàdánù ọ̀nà tààrà sí La Liga ní ọjọ́ ìkẹyìn gan-an, nígbà tí Alcorcón, tí ó ti mọ̀ pé òun ti já wálẹ̀, na wọ́n ní góólù kan sí òdo. Girona, Alavés àti Oviedo sì ti dá wọn dúró tẹ̀léra nínú ìdíje ìgòkè láti 2022 sí 2024. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹgbẹ́ tí yóò máa fún un láyọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ yóò sọ ìrètí nù kíákíá.

Mo ṣì gba ẹnikẹ́ni tí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ bá yọjú fún nímọ̀ràn pé kí ó kọ́kọ́ béèrè nǹkan méjì kí ó tó sanwó: ǹjẹ́ gbèdéke wà lórí iye tí ẹnì kan lè rà, àti pé kí ni ẹgbẹ́ náà fẹ́ fi owó náà ṣe? Ní Eibar, ìdáhùn sí méjèèjì hàn gbangba kí n tó san kọ́bọ̀. Kí ó sì wo ibi tí owó ẹgbẹ́ ń lọ lẹ́yìn náà. Lára ohun tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni pé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Eibar gòkè lọ sí ìpele kìíní ní 2020, wọ́n já wálẹ̀, wọ́n tún gòkè ní 2023, lábẹ́ Amaia Gorostiza tó di ààrẹ ní 2016. Ìpín kan náà, yúrò 50 kan náà, ló kan àwọn náà.