Ìbẹ́pẹ àti ọsàn ẹ̀yìnkùlé: ìgbà wo ni ká já wọn?

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ tí ẹ gbin èso sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ojú kan náà wo ìbẹ́pẹ àti ọsàn.

Ìbẹ́pẹ tó ti gbó máa ń pọ́n lẹ́yìn tí a bá já a, torí òun fúnra rẹ̀ ló ń tú gáàsì ethylene tó ń mú un rọ̀. Bí ẹ bá ti rí ìlà pupa bí ìyeyè níhà ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ já a wọlé; láàárín ọjọ́ mélòó kan, yóò pọ́n dénú. Bí ẹ bá ní kó pupa tán lórí igi, ẹyẹ àti àdán ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n èyí tí oje rẹ̀ ṣì funfun, tó ki bíi wàrà, kò tíì gbó. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ti ọsàn yàtọ̀ pátápátá. Adùn tó bá ní lórí igi náà ni tirẹ̀. Kò ní dùn sí i nínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì dúró de àwọ̀ pupa, torí òru ilẹ̀ wa kì í tutù tó láti pa èèpo rẹ̀ láró. Ọ̀pọ̀ ọsàn aládùn tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba ló ṣì ní èèpo tútù. Ẹ já ẹyọ kan, ẹ bó o, ẹ mu ún wò kí ẹ tó pe ẹni tí yóò gun igi.